Ohun Tí Ọkọ Ọmọ Mi Ń Wá Nínú Ilẹ̀ Òyìnbó

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé, ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹni tó bá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí á ní, "Bàbá Wolé-wolé, London ńkọ́?" Kó tó parí ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ mi bóyá mo gbé nǹkan dání. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ nípa afárá ńlá àti ààfin ọba, kó lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Peckham ni mo lọ ní tèmi, nínú òtútù, iṣẹ́ tí mo sì ṣe jù níbẹ̀ ni pé mò ń gbẹ́lẹ̀ kiri nínú oko olóko.

Ẹ mọ̀ mí ní Ìwó yìí. Kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo fi jẹun. Kò sí ṣáláńgá tàbí ààtàn kan ní àdúgbò wa tí mi ò tíì yọjú sí rí, àwọn tí mo sì ti fìyà jẹ nítorí ìdọ̀tí nínú yín kò kéré. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí mọ ihò.

Sìkírá ọmọ mi ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ wa, ẹ wá wo yìnyín." Inú mi dùn, mo ní ọmọ ló ń ṣìkẹ́ mi. Mi ò mọ̀ pé adájọ́ ló ń wá.

Gẹ̀ẹ́sì tí mo kó sẹ́nu

Láti Ìwó ni mo ti ń fi gẹ̀ẹ́sì dánra wò nínú balùwẹ̀, kí ahọ́n mi má baà lọ́ mọ́ra níwájú àwọn onílùú. Ọjọ́ kejì tí mo dé, Sìkírá mú mi lọ sí ọjà Rye Lane láti ra ẹ̀wù òtútù. A kò tíì kúrò níbi tí bọ́ọ̀sì já wa sí tí obìnrin kan fi pariwo lé mi lórí: "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o! Ẹ wá wo pọ̀nmọ́, àná ló dé!" Ẹni tó ń ta iṣu kí mi bí ará Ọ̀yọ́, ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ bá mi ṣàwàdà bí ará Ìjẹ̀bú. Gbogbo gẹ̀ẹ́sì tí mo kó sẹ́nu, mi ò rí ẹni tí màá sọ ọ́ fún.

Òyìnbó kan ṣoṣo tí mo rí nínú ọjà yẹn, òun gan-an ló jọ àlejò. Ó dúró níwájú iṣu, ó gbé ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó wá bi mí bí wọ́n ṣe ń sè é. Èmi tí mo dé lánàá! Mo tún fìlà mi ṣe, mo ṣàlàyé fún un bí ẹni tí wọ́n bí sẹ́yìn ọjà náà. Ó dúpẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló ní kí n má bínú. Mi ò mọ ohun tó fi ṣẹ̀ mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn: bí ìwọ lo tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ló máa bẹ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni garawa ìdọ̀tí. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti bébà lọ́tọ̀, ti oúnjẹ tó ṣẹ́kù lọ́tọ̀. Mo dúró tì wọ́n, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Gbogbo ọdún tí mo fi ń pariwo ní Ìwó, ohun tí mò ń sọ fún yín nìyí. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí ti ilé kejì wò, egungun adìẹ ni mo bá nínú ti bébà. Mo ti ń lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn kí Sìkírá tó fà mí lápá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ fi í sílẹ̀ fún council. Ẹ jẹ́ ká wọlé, òtútù ń mú yín."

Ẹjọ́

Nígbà tí a délé, ó gbé tíì fún mi, ó wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi bíi tìgbà tó wà ní kékeré. Ràṣídì ọkọ rẹ̀ kò sí nílé. Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Sìkírá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nínú ilé wọn, òwúrọ̀ lónìí, ìrọ̀lẹ́ lọ́la. Sáínábù, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti lọ sí yunifásítì nílùú mìíràn. Ilé náà dákẹ́.

"Bàbá, kì í ṣe yìnyín ni mo pè yín wá wò."

"Mo ti fura. Látìgbà tí mo dé, òjò nìkan ni mo rí."

"Ọkọ mi ń ṣe nǹkan."

"Obìnrin ni?"

"Ì bá jẹ́ obìnrin, mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é. Igi ni."

Ó ṣàlàyé. Ràṣídì ra ẹ̀rọ kan tí ń wá irin nínú ilẹ̀, igi gígùn tó ní abọ́ pẹlẹbẹ nídìí. Gbogbo Sunday tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, á gbé e sínú àpò, á bá bàbá òyìnbó kan tó ń gbé ní Forest Hill jáde ní ìdájí. Ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Ẹrẹ̀ á kún bàtà rẹ̀, á da irin tó ti dípẹtà sínú abọ́ ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀, á bu omi sí i, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ó sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn, Bàbá. Èmi tí mo wà nínú kitchen kan náà, látìgbà tí Sáínábù ti lọ, kò rẹ́rìn-ín sí mi rí." Ó nu ojú. "Aunty Múínà tó ń dirun fún mi ní Rye Lane ní kò sẹ́ni tí í hú owó òkú òyìnbó wálé lásán. Ó ní oògùn owó ni."

"Owó náà dà?"

"Ó ní ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà."

Mo wo yàrá náà yíká, mo wo àga tí wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ lápá. Ó dá mi lójú pé ẹsẹ̀ ni owó náà fi ń rìn bọ̀.

"Ó ti sú mi, Bàbá. Kí ẹ tó padà sílé, ẹ bá mi sọ fún un kó yan ọ̀kan, èmi tàbí igi yẹn. Tó bá jẹ́ igi ló yàn, ọ̀rẹ́ mi kan ní spare room ní Kennington. A ti jọ sọ ọ́. Mo máa kó lọ."

Ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo fa ọmọ yìí lé Ràṣídì lọ́wọ́, mo sì fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Mi ò rìn jìnnà tó báyìí láti wá tú ilé ọmọ mi ká. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tí mo ṣe kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ dá onílé lẹ́bi láìtíì wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo máa bá Ràṣídì lọ, màá fi ojú ara mi rí i, lẹ́yìn náà ni màá dájọ́.

Nínú oko olóko

Nígbà tí mo sọ fún Ràṣídì pé mo fẹ́ bá wọn lọ, ó kọ́kọ́ wò mí bóyá mò ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jáde, ṣòkòtò lórí ṣòkòtò, ìbọ̀sẹ̀ lórí ìbọ̀sẹ̀, títí orúnkún mi kò fi ṣe é ká mọ́. Bàbá òyìnbó náà, Derek, ti ń dúró dè wá nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ga, imú rẹ̀ pupa. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì sọ fún mi pé òtútù ń mú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àná náà mú. Ọ̀rọ̀ tí a bá ara wa sọ nìyẹn títí a fi dé oko kan ní Kent.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kì í ṣe é nígbà oòrùn. Ó ní nígbà oòrùn, ohun ọ̀gbìn ló ń wà lórí ilẹ̀. Ìgbà òtútù tí àgbẹ̀ bá ti kórè tán, tó ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, ni àyè máa ń wà fún àwọn. Ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà tí ẹni tó ni oko bá ti sá wọlé lọ yáná ni àwọn wọ̀nyí máa ń jáde.

A bá àwọn yòókù níbẹ̀, àgbàlagbà ló pọ̀ jù. Kálukú dá wà nínú pápá gbalasa, ó tẹrí ba, ó fi nǹkan bo etí, ó ń ju igi sọ́tùn-ún sósì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí ẹyọ ẹnì kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà Òṣogbo, ẹ máa lọ pe àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n wá mú un. Igi náà a máa ké. Tó bá jẹ́ irin lásán ló wà nísàlẹ̀, á kùn. Tó bá jẹ́ idẹ tàbí fàdákà, á ké tíín. Nígbà náà ni wọ́n á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí tirẹ̀ ké pè wá. A sáré lọ, èmi pẹ̀lú orúnkún tí kò ká. Ó la ọwọ́, bọ́tìnì ni. Bọ́tìnì kan, láìsí ẹ̀wù. Wọ́n dákẹ́ yí i ká. Ọ̀kan ní, "Ó mà dára o." Èkejì ní, "Ó dára gan-an ni." Mo dúró de ìyókù ọ̀rọ̀, kò sí ìyókù. Wọ́n tú ká, inú wọn dùn.

Mo ní tó bá wá jẹ́ wúrà ńkọ́. Wọ́n ní òfin ni pé kí wọ́n lọ sọ ọ́, ẹni tó sì máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń wádìí ikú àwọn tó kú lójijì. Mo ní, "Ta ló kú?" Wọ́n ní kò sẹ́ni tó kú, bí òfin ṣe wí nìyẹn. Mo rántí ohun tí ẹ̀yin fojú òfin tèmi rí lórí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá, mo mí kanlẹ̀.

Nígbà tó yá, Derek rí owó bàbà àtijọ́ kan, ó nà án sí mi. Mo kó ọwọ́ mi sápò. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ẹni tó bá ṣa owó nílẹ̀ á di iṣu. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, mi ò rí irú iṣu bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ mi ò ṣa owó nílẹ̀ rí, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ ní Kent. Mo rọra sọ fún Ràṣídì pé kó ní kí bàbá náà gbé e sílẹ̀ ná. Ó gbé e sílẹ̀. Mo ṣe bisimilá, mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe kọ́ wa, kí n tó mú un.

Derek bi Ràṣídì ní nǹkan kan, Ràṣídì dá a lóhùn ní ṣókí. Mi ò mọ ohun tó sọ, àmọ́ láti ìgbà yẹn ni òyìnbó náà ti gbà pé ńṣe ni mò ń súre sí nǹkan. Nígbà tó tún rí bọ́tìnì, ó gbé e síwájú bàtà mi, ó dúró. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn gbé tirẹ̀ wá. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń tò níwájú mi, ẹrẹ̀ lórúnkún, tí mò ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bọ́tìnì, ọta ìbọn àtijọ́ àti ìdérí agolo, tí wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò rí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà rí ní Ìwó.

Nígbà oúnjẹ, Derek mú nǹkan yíyípo kan jáde, ó gé e sí méjì, ó fún mi ní ìdajì tó tóbi. Ó ti dé ẹnu mi tán kí Ràṣídì tó gbá a mú. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún Derek pé Mùsùlùmí ni mí, ojú rẹ̀ pọ́n ju imú rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀bẹ̀, ó tún bẹ̀bẹ̀, tíì wa tutù síbi tó ti ń bẹ̀bẹ̀. Sunday tó tẹ̀ lé e, ẹyin sísè ló gbé wá, ó fi bébà wé e, ó sì kọ "Baba" sí i lára kí ẹlòmíràn má baà jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ihò ló wá kàn mí gan-an. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ihò tí ẹnikẹ́ni bá gbẹ́, kó dí i débi pé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní í mọ̀. Wọ́n á gé koríko ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, wọ́n á ṣí i bí ìdérí, wọ́n á kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sórí aṣọ kí ó má fọ́n ká, wọ́n á wá dá gbogbo rẹ̀ padà létòlétò. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó tó Ràṣídì. Derek fà mí lọ síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ tán, ó ní kí n fi ihò náà hàn òun. Mo wò, mo tẹ̀ ẹ́ wò, mo bẹ̀rẹ̀ wò. Èmi wolé-wolé, mi ò rí i.

Mo bá Ràṣídì dúró lẹ́bàá igi kan. Mo ti to ìbáwí mi sẹ́nu láti ìdájí, àmọ́ ìbéèrè ló jáde. "Kí lò ń wá gan-an?"

"Bàbá, nínú bọ́ọ̀sì, èèyàn á wọlé, èèyàn á jáde, kò sẹ́ni tó máa wo ojú mi. Mo bá délé, Sìkírá ti lọ shift. Òun náà bá dé, èmi ti jáde. Tí a bá wá bá ara wa nílé, ọ̀rọ̀ gas àti council tax la máa sọ. Níbí, tí mo bá ṣe sùúrù, tí mo tẹ́tí, nǹkan máa ń dá mi lóhùn."

"O ti sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ?"

"Báwo ni mo ṣe máa sọ irú ẹ̀, Bàbá?"

Kí n má baà ṣe ojú mi bákan níwájú ọkọ ọmọ mi, mo ní kó gbé igi náà fún mi kí n dán an wò. Mo jù ú síhìn-ín, mo jù ú sọ́hùn-ún, ó ké tíín. Mo kúnlẹ̀, mo gbẹ́ ẹ. Bọ́tìnì ni, bọ́tìnì idẹ tí wọ́n ya ìdákọ̀ró sí. Mo pariwo débi pé Derek sáré wá. Ó wò ó, ó ní, "Ó mà dára o." Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹ̀yìnkùlé

Ó yẹ kí n ti dájọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò dá a. Sìkírá á wò mí lórí oúnjẹ, màá ní mo ṣì ń wádìí. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mò ń retí Sunday. Mo bẹ Ràṣídì pé kó fi igi náà sílẹ̀ fún mi kí n fi kọ́ ọwọ́. Ó fi í sílẹ̀, ó ní, "Ẹ lò ó níwájú ilé o, Bàbá. Mo ti wo ẹ̀yìnkùlé, kò sí nǹkan níbẹ̀."

Iwájú ilé wọn, kọnkéré ni. Ẹ sì mọ̀ mí: bí ẹnì kan bá ti sọ fún wolé-wolé pé kò sí nǹkan lẹ́yìnkùlé, ẹ̀yìnkùlé ló máa kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀sán ni, Ràṣídì ti lọ síbi iṣẹ́, Sìkírá ń sùn lókè. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ju ẹní méjì lọ. Mo dé ìdí ọgbà, níbi tí Sìkírá máa ń gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí nígbà oòrùn, igi náà ké tíín. Mo kúnlẹ̀, mo gé koríko, mo ṣí i. Fèrèsé òkè là gbàà.

"Bàbá! Ẹ má gbẹ́ ibẹ̀!"

Ó sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ó ti pẹ́ jù. Àgádágodo idẹ kan ló wà lọ́wọ́ mi, títì pa, òwú dúdú àti òwú funfun tí wọ́n we mọ́ ọn nípọn. Kò sí kọ́kọ́rọ́. Mo wo àgádágodo, mo wo ọmọ mi. Kò sí ọmọ Ìwó kan tó nílò àlàyé. Wọ́n á pe orúkọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dè sí i, wọ́n á tì í pa, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ nílé, wọ́n á ju kọ́kọ́rọ́ sómi, kí ẹni náà má baà lè lọ síbòmíràn mọ́.

"Ta lo tì mọ́ ibí?"

Ẹkún ló fi dáhùn. "Mi ò fẹ́ kó pa á lára, Bàbá. Kó ṣáà jókòó sílé ni. Kó jókòó tì mí."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Èmi àti Aunty Múínà lọ jù ú sínú odò ní Deptford."

Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí lẹ́ẹ̀kan náà. "Sìkírá. Ìwọ lo ní ọkọ rẹ ń ṣoògùn. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn fi ń de ọkọ, irin lo wá lọ rì mọ́ ẹ̀yìnkùlé ọkùnrin tó ní ẹ̀rọ tí ń wá irin?"

Ó la ẹnu sílẹ̀. "Mi ò ronú débẹ̀."

"Aunty Múínà ńkọ́?"

"Òun náà ò ronú débẹ̀."

"Ó sì ti jókòó sílé láti ìgbà náà?"

"Rárá o. Ó tún fi Saturday kún un."

Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lọ́kàn mi. Bí Ràṣídì bá rí nǹkan yìí, ọ̀rọ̀ kò ní í jẹ́ ọ̀rọ̀ igi mọ́. Ọkùnrin wo ló máa gbọ́ pé ìyàwó òun ti òun pa bí ilé ìtajà lálẹ́? Mo ní kí n gbé e lọ sọ nù. Sìkírá di ọwọ́ mi mú, ó ní Aunty Múínà ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e kúrò láìṣí i, ohun tí kò dáa lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n tì. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kàwé, mo ṣiṣẹ́ ìlera fún ìjọba, mi ò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Mo dá a padà sínú ihò. A fi ọwọ́ gbá yẹ̀ẹ̀pẹ̀ lé e, a fi koríko bò ó, mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí a ṣe ń wọlé la gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn iwájú.

Ihò tí mi ò dí dáadáa

Ràṣídì wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kọjá lọ fọwọ́ nínú kitchen. Fèrèsé ibẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. A gbọ́ omi tó ń dà. Ó ń dà, ó ń dà, kò sì sí ìró ọwọ́ nínú rẹ̀. Sìkírá di apá àga mú.

Ó pa omi. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jáde. A lọ dúró sẹ́nu fèrèsé. Ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó ń tàn yanran, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó ṣí koríko tí mo fi bò ó, ó fi ọwọ́ kó yẹ̀ẹ̀pẹ̀ sórí ẹ̀wù náà, títí àgádágodo fi yọ. Kò ta gìrì. Kò tilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tún inú ihò náà ṣe, ó gbé e padà, ó dojú rẹ̀ kọ ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Ó da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó tẹ koríko, ó fi ìka ya á bí ẹni ń ya irun ọmọ. Nígbà tó dìde, èmi tí mo gbẹ́ ẹ kò mọ ibi tó wà mọ́.

Ó wọlé, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó wá dojú kọ mi.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ẹ ò dí i dáadáa. Omi á wọ inú rẹ̀, á dípẹtà."

Sìkírá ló dá a lóhùn. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tí o rì í náà ni. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo fi ń dán ẹ̀rọ wò kí n tó jáde."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Mo bínú. Lọ́jọ́ tí mo rí i, mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì òfìfo, mo ní mi ò ní í wálé mọ́." Ó ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ. "Lẹ́yìn náà ni mo wá rò ó. Ó ti pẹ́ tí mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wù ọ́ kí n wà nílé. O ò sọ ọ́, èmi ò bi ọ́. Mo ní ẹni tí kò fẹ́ mi mọ́ kò ní í jókòó kó máa we òwú mọ́ àgádágodo nítorí mi. Mo bá dá a padà."

Sìkírá fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó ṣí i, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí n gbé oúnjẹ yín wá." Ràṣídì jókòó. Ó gbé oúnjẹ wá, òun náà jókòó tì í, kò sì sí èyí tó fọwọ́ kàn án nínú àwọn méjèèjì.

Ràṣídì yíjú sí i. "Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà nínú odò, ní Deptford."

Mo rí i tí ojú rẹ̀ tàn. "Apá ibo ní Deptford?"

Sìkírá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó wá di ẹkún, ó tún padà di ẹ̀rín. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé náà, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Mo dìde, mo ní mò ń lọ wo garawa ìdọ̀tí. Ìdájọ́ tí mo ti ń tò láti ọjọ́ tí Sìkírá ti rojọ́ fún mi, kò sẹ́ni tó rántí bi mí.

Ohun tí mo mú bọ̀

Ẹ ti wá gbọ́. Bọ́tìnì ni mo mú bọ̀. Ó wà nínú àpò agbádá mi báyìí, ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi ní òun ò ní í fọwọ́ kàn án bó ti wù kó rí.

Derek fi ìkíni ránṣẹ́ sí mi. Ó ní láti ìgbà tí mo ti lọ, ìdérí agolo nìkan ni àwọn ń rí. Aunty Múínà ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé iṣẹ́ òun jẹ́, ó ní kí wọ́n wo Sìkírá. Wọ́n sì ń wò ó lóòótọ́, nítorí ó ti gba Sunday rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Òun náà ń bá wọn lọ sí Kent báyìí, á gbé tíì àti mọ́ínmọ́ín gbígbóná dání, á sì máa ráhùn nípa òtútù láti àárọ̀ títí wọn á fi padà. Ràṣídì ní ó dí òun létí débi pé òun kì í gbọ́ igi mọ́. Kò jọ ẹni tí ń fi ẹjọ́ sùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi Ràṣídì lórí fóònù bóyá ó ti lọ wá kọ́kọ́rọ́ náà ní Deptford, nítorí mo mọ bí ojú rẹ̀ ṣe tàn lọ́jọ́ náà. Mò ń gbọ́ ohùn Sìkírá lẹ́yìn rẹ̀, ó ń pariwo pé ta ló tún da ẹrẹ̀ sínú abọ́ òun.

"Bàbá," ó ní, "ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."